Ọrọ́ Pétérù Kì í Sun Oje Funfun

Tí èéfín bá ti ń rú lágbàlá Obdulia láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń sè ní abúlé wa, Palo Seco. Ọ̀dùnkún kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iná, àgbàdo gan-an kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọrọ́ Pétérù Mímọ́ ló wà nínú ìkòkò, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún orí òkè tí oníṣègùn wa fi ń fọ inú ẹni mọ́. Ẹnìkan fẹ́ mu ún nìyẹn, ẹni náà sì ti ń jẹun láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bí àwọn baba wa ṣe fi kọ́ wa.

Ẹni tó fẹ́ mu ún lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi ni, Eleodoro. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ọ̀rọ̀ náà tinú tẹ̀yìn. Èmi ni Etelvina Huancas. Wàràkàṣì ni mò ń tà, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín àgbàlá mi àti ti Obdulia níyà. Nígbà tí àwọn elétò ìlera ní kí n wá sọ ìtàn yìí kí àwọn lè kà á lórí rédíò, mo ní mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ ní ṣókí o. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà. Ó dáa náà, ẹ fara balẹ̀.

Láti ìgbà tí Rosenda ìyàwó ẹ̀ ti kú, Eleodoro ò rí oorun sùn. Á jókòó ti àwọn màlúù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oko ẹ̀wà ẹ̀ di igbó. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí Ọ̀gá bá lè fi Pétérù fọ̀ mí mọ́ létí adágún, màá sùn, màá sì gbin ẹ̀wà mi." Mi ò bá a jà. Baba tó bí wa mu ún, baba tó bí baba wa náà mu ún.

Ọ̀gá tó ń sọ yẹn, Bàbá Baltazar Neira ni, oníṣègùn wa. Obdulia, ọmọ ẹ̀ obìnrin, ló máa ń bá a se ọrọ́ náà. Lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Piura níbi ìsàmì ọmọ-ọmọ ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ló máa gbé e padà, tó bá sì ti dé, òun àti Eleodoro á jọ gbọ̀nà adágún orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ilé wọn fún yín, torí ibẹ̀ gan-an ni kòtò tí a jìn sí wà. Nílé Bàbá Baltazar, ọwọ́ tó gé Pétérù kì í sè é, ọwọ́ tó sè é kì í gé e. Ẹni tó fẹ́ gé e á gun òkè lọ sábẹ́ àpáta, á fẹnu fọ́n ọtí ìrèké àti lọ́fíńdà sí i, á tọrọ àyè kó tó fọ̀bẹ kàn án. Orí òkè níbẹ̀ náà ló ti máa bó o, tó máa sin èèpo àti ẹ̀gún ẹ̀ sídìí ìyá igi tó ti gé e. Inú ẹ̀ nìkan ló ń wọ àpò wá sílé. Obdulia ti ń sè é láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ, àmọ́ kò fọ̀bẹ kan Pétérù tó wà lórí ìdúró rí láyé ẹ̀.

Nígbà tí Bàbá ò sí nílé, ta ló máa gé e? Grimaldo ni, ọkọ Obdulia, ẹni tó ń wa Márúwá. Grimaldo kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti ra Márúwá yẹn ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ti bá òkè ṣe ọ̀tá. Tó bá fẹ́ ra ìṣáná ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sílé ẹ̀, Márúwá ló máa gbé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ gba asẹ́ mi lọ́wọ́ Obdulia. Mo bá a tó ń wúkọ́, tó fi etí aṣọ bo imú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sún mọ́bí. Ooru ìkòkò yìí ń ta mí lọ́fun."

"Igi tútù lo fi dáná ni?"

"Igi gbígbẹ ni. Kì í ṣe èéfín, inú ìkòkò ló ti ń wá. Ẹ tiẹ̀ wò ó. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

Mo yọjú wò ó. Pétérù tí mo mọ̀, ó máa ń fà yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ lára ṣíbí ni, àwọ̀ ewé ni. Èyí ò fà. Ìhó funfun ló kún etí ìkòkò, ó sì ń run imú bí ìgbà tí ata bá jóná.

"Ibo ni Grimaldo ti gé e?" mo bi í.

"Ó ní abẹ́ àpáta tí Bàbá máa ń lọ náà ni."

"Ó yára lọ, ó yára bọ̀ o."

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ara òun ló yá."

A jọ dúró, à ń wo ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni Obdulia ní, "Ó lágbára ni."

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó lágbára ni."

Ohun tí a máa ń sọ nìyẹn ní Palo Seco tí nǹkan bá ti kọjá òye wa. Ó lágbára. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, oníkálùkù á sì bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni Grimaldo jáde látinú ilé, ó wọ awò dúdú tó bo ojú ẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Háà, olórin ti dé!" mo ní. "Ibo lẹ ti fẹ́ kọrin lónìí, ọ̀gá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Eruku ọ̀nà ló wọ̀ mí lójú."

"Eruku wo? Ṣebí òjò rọ̀ lánàá, inú ẹrẹ̀ lo ti ń wa Márúwá."

"Láti àná ló ti ń fi omi bọjú," Obdulia ní. "Mo ní kó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àfi kí n gbájú mọ́ ìkòkò mi."

"Kò sóhun tó ṣe mí jàre," ni Grimaldo wí. Àmọ́ mo rí i tí omi ń dà lábẹ́ awò yẹn, tó ń fi apá aṣọ nù ún. Ó ṣáná sí Márúwá ẹ̀, ó lọ. Mo rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e.

Nígbà tí oòrùn kọjá àtàrí díẹ̀, Eleodoro dé. Ó fá irùngbọ̀n ẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Rosenda fọwọ́ ara ẹ̀ rán fún un, èyí tí kò wọ̀ mọ́ látọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tí mo rí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, omi lé sí mi lójú. Mo ní ọkùnrin yìí fẹ́ padà sáyé lóòótọ́.

"Obdulia," ó ní, "ṣé ó ti jinná?"

"Ó ti jinná, Bọ̀dá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká máa retí Bàbá."

"Fún mi ní ife ìṣínú mi ná."

Àṣà tiwọn náà nìyẹn. Tí ọ̀nà adágún bá jìn, ẹni tó fẹ́ gba ìwòsàn á kọ́kọ́ mu ife kékeré kan nílé kí inú lè ṣí. Bàbá ló máa ń bù ú fúnra ẹ̀.

"Bàbá ló máa ń bù ú," Obdulia wí.

"Obdulia, mo bẹ̀ ọ́. O ò mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa gbọ́ tí màlúù ń mí, tóun ò ní sùn. Bù ú fún mi."

Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn tí kò ní bù ú? Obdulia bù ú, kò tiẹ̀ kún. Eleodoro ṣe àmì àgbélébùú, ó sì gbé e mì.

Ojú ẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó nawọ́ mú ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀.

"Ó ń jó mi lẹ́nu," ó ní.

"Ṣé ẹ ò jẹ ata lánàá, Bọ̀dá?"

"Mi ò fẹnu kan ata. Obdulia, ó ń jó mi!"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ẹ dúró níbí o, torí ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Gbogbo èèyàn lágbègbè wa ló mọ̀ pé Pétérù máa ń múni bì. Ìfọ̀mọ́ là ń pè é. Tí ẹnìkan bá ń bì, a ò ní fi í ṣàánú, a máa ń kí i kú oríire ni. Tó bá jẹ́ pé ìlú ibòmíì ni Eleodoro ti ń bì bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ti gbé e sáré. Lọ́dọ̀ wa, Obdulia pàtẹ́wọ́.

"Ọlọ́run ṣeun! Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìbànújẹ́ ló ń jáde yẹn. Ẹ pọ̀ ọ́ tán, Bọ̀dá!"

Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo di orí ẹ̀ mú, mò ń sọ pé, "Pọ̀ ọ́, àbúrò mi, pọ̀ ọ́, jẹ́ kó lọ."

Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú ẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, kò lè gbé e mì. Ètè ẹ̀ wú. Nígbà tí mo nu ẹnu fún un, mo rí i pé aṣọ tí mo fi nù ún ti pọ́n.

"Obdulia, ẹ̀jẹ̀ rèé."

"Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀fọ̀ Rosenda ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ."

"Ṣé ká ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì?"

"Kó wá ṣe kí ni? Kó wá dá ìfọ̀mọ́ dúró lágbedeméjì? Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ibi tó bá dúró sí nínú èèyàn, ibẹ̀ ló máa kẹ̀ sí."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá mi sọ ọ́, ìyá ìyá mi sọ ọ́. Mi ò ránṣẹ́. Obdulia bá tún bu omíràn, ó ní èyí ló máa ti ìyókù jáde. Eleodoro ń mi orí, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Obdulia ní, "Ẹ bá mi rọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ló máa gbọ́ràn sí lẹ́nu." Mo gba ife náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí Grimaldo ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà.

Ojú ẹ̀ ti dà á láàmù débi tí kò fi rí ọ̀nà mọ́. Ó yà sí ibùdó ìlera, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Nélida Chinguel. Ọmọ Palo Seco ni Nélida, òun àti Grimaldo jọ lọ sílé ìwé kan náà, nítorí náà wọn ò fi ọ̀wọ̀ dá ara wọn láàmù.

"Nélida, fún mi ní oògùn ojú díẹ̀. Mo fẹ́ tètè lọ gbé èrò."

"Bọ́ awò yẹn."

"Eruku lásán ni."

"Grimaldo, bọ́ ọ!"

Ó bọ́ ọ. Ìpéǹpéjú ẹ̀ ti bó, ojú òsì ò ṣe é là. Nélida gbé orí ẹ̀ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i.

"Eruku kì í bó ìpéǹpéjú. Kí lo fọwọ́ kàn?"

"Mo gé igi kan."

"Igi wo?"

Ó nawọ́ láti gba awò ẹ̀ padà.

"Tó o bá purọ́ fún mi, èmi kọ́ lo purọ́ fún o. Ojú ẹ lo purọ́ fún."

Ó bá tú u. Ó ní ilé ìgbàlejò tuntun tó wà lójú títì, ẹni tó ni ín wá láti etí òkun, ó sì gbin ọrọ́ sí ọgbà ẹ̀ yí ká. Ó ga, ó láwọ̀ ewé, ó lẹ́gùn-ún, ó ní ìhà ìhà bíi ti Pétérù. Grimaldo wò ó, ó ní kí lòun ń gun òkè lọ ṣe nígbà tí Pétérù ti sọ̀ kalẹ̀ wá sójú títì. Ó lọ síbẹ̀ lánàá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó fọ́n ọtí ìrèké sí i, ó fọ́n lọ́fíńdà sí i, ó tọrọ àyè, kò fo ọ̀kan nínú ètò náà. Ìgbà tó fọ̀bẹ kàn án, oje funfun tú jáde, ó ta sí i lójú, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní bóyá ajílẹ̀ ló mú un sanra tó bẹ́ẹ̀. Ó bó o, ó fọ gbogbo ẹ̀ nínú kòtò omi kó tó gbé e wálé, kó má bàa lẹ̀ mọ́ àpò.

Nélida ò da omi mọ́.

"Ibo ni èyí tó o gé wà báyìí?"

"Ó wà… ó wà nínú ìkòkò."

"Ta ló fẹ́ mu ún?"

"Eleodoro. Àmọ́ ó di ìrọ̀lẹ́ kí Bàbá tó…"

Nélida ti jáde. Ó ti Grimaldo sí ẹ̀yìn Márúwá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi kan, ó ní, "Máa da á sójú, má dúró!" Òun fúnra ẹ̀ ló wa Márúwá ọ̀hún, ẹni tí kò wa nǹkan kan rí ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ.

Bí a ṣe mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ nìyẹn. Márúwá kọlu òpó ẹnu ọ̀nà Obdulia gbàà, àwọn adìyẹ fò káàkiri, Nélida sì ti wọlé.

"Àǹtí Etelvina, ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀!"

Etí ife ti kan ètè àbúrò mi. Mo gbé e sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má dí ìfọ̀mọ́ lọ́wọ́," Obdulia kígbe.

"Ìfọ̀mọ́ kọ́, Obdulia. Májèlé ni. Ìfọ̀mọ́ kì í wú ètè, kì í sì í mú ẹ̀jẹ̀ jáde."

"Májèlé báwo? Pétérù ni mo sè! Láti ìgbà wo ni mo ti ń sè é?"

"Béèrè lọ́wọ́ ọkọ ẹ."

Grimaldo dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ojú ẹ̀ tí awò ò bò mọ́, Obdulia rí i.

"Kì í ṣe Pétérù," ó ní. "Ọgbà ilé ìgbàlejò ni mo ti gé e."

Obdulia rọra jókòó sílẹ̀.

"O fọ́n ọtí sí i?"

"Mo fọ́n ọn."

"O tọrọ àyè?"

"Mo tọrọ."

"Lọ́wọ́ ta ni?"



Nélida ò ní àsìkò fún ìjà tọkọtaya. Ó ní kí Eleodoro fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kó tún yọ ọ́. Mo ní ṣé kí n ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ìyókù lè jáde. Ó gbá ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ má dán an wò! Ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé, á tún jó o nígbà tó bá ń jáde."

"Epo ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́?"

"Epo rárá, ọsàn rárá, wàrà rárá, ọtí rárá. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Ó mú ègé kan tó kù nínú àpò Grimaldo, ó dì í sínú ọ̀rá kí àwọn dókítà lè rí ohun tó jẹ́. Ọkọ̀ tó máa ń wá kó wàràkàṣì mi lọ sí ìlú Huancabamba, níbi tí ilé ìwòsàn wà, la dá dúró, a sì gbé Grimaldo náà wọ̀ ọ́. Mo gbé orí àbúrò mi lé itan. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí, bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tó wà lọ́mọdé tí ààrá bá ń sán. Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì Rosenda tó ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò lè gbàdúrà. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni mò ń pè ṣáá, Eleo, Eleo, títí a fi débẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọkàn yín sókè: kò kú. Dókítà ní oje náà ti bó ọ̀fun ẹ̀, àmọ́ kò dá a lu. Ó ní ká ní ó mu ife kejì ni, òun ò ní lè sọ ohun tí òun ń sọ yìí. Wọ́n dá a dúró sọ́dọ̀ wọn, inú iṣan ni wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ. Grimaldo náà wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, báńdéèjì lójú. Àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀kan ò lè sọ̀rọ̀, ìtìjú ò sì jẹ́ kí èkejì lè sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Baltazar dé, tó bá ọmọ ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìkòkò tó ti tutù. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wa kòtò jíjìn jìnnà sí omi, ó da gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò sí i. Ní Sátidé, nígbà tí abúlé pé fún ìpàdé, ó gbé ọrọ́ méjì wá síwájú gbogbo wa. Ọ̀kan wá láti abẹ́ àpáta, òun fúnra ẹ̀ ló gun òkè lọ gé e pẹ̀lú orúnkún ẹ̀ tó ń dùn ún. Ọ̀kan wá láti ọgbà ilé ìgbàlejò. Ó to àwọn méjèèjì sórí tábìlì.

"Ta ló lè sọ èyí tó jẹ́ Pétérù?"

Àwọn kan nawọ́ sí ti ọ̀tún, àwọn kan sí ti òsì. Ìjà fẹ́ẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Bàbá fi aṣọ wé ọwọ́, ó fọ̀bẹ kan àwọn méjèèjì. Ti àpáta, omi tó mọ́ ló yọ lára ẹ̀. Ti ọgbà, oje funfun tú jáde, ó ń ṣàn lórí tábìlì. 

"Pétérù kì í sun oje funfun," Bàbá wí. "Baba mi fi hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èmi ò fi han ọmọ mi. Mo ní kó má mọ ọ̀bẹ, kó mọ ìkòkò. Tó bá ṣe pé ó mọ ọ̀bẹ ni, ìgbà tó rí ìhó yẹn ló ti máa da ìkòkò yẹn nù."

Nélida dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i. Oje funfun máa ń tú àṣírí ọrọ́ òpùrọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọrọ́ òpùrọ́ ló ní oje funfun. Ọrọ́ kan lè má sun oje, kó má sì jẹ́ Pétérù. Àti Pétérù gan-an, kì í ṣe gbogbo ara ló lè gbà á. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ tàbí oògùn ìbànújẹ́, kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ó lè pa á."

Ìyá àgbà kan pariwo látẹ̀yìn, "Kí ló dé tí Ọ̀gá ò sọ fún wa rí?"

Bàbá ní, "Torí mo máa ń béèrè ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo máa ń béèrè ata, mi ò béèrè oògùn nọ́ọ̀sì rí. Ẹ̀yin náà sì ń fi í pamọ́ fún mi, ẹ rò pé yóò ba ààwẹ̀ yín jẹ́. Láti òní lọ, màá máa béèrè. Ẹni tó bá purọ́ fún mi, ara ẹ̀ ló purọ́ fún."

Ojú ẹsẹ̀ ló yí àṣà ilé ẹ̀ padà. Ẹni tó bá gé Pétérù ò gbọ́dọ̀ bó o lórí òkè mọ́. Bó ṣe wà pẹ̀lú èèpo àti ẹ̀gún ló máa gbé e wálé, iwájú Obdulia ni wọ́n sì ti máa gé e.

Eleodoro ti padà wálé. Ohùn ẹ̀ ti há, bíi ti àkùkọ tó mú òtútù, oúnjẹ rírọ̀ ló ṣì ń jẹ. Ó ń lọ bá Nélida níbùdó ìlera lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ Rosenda. Oorun ń wá díẹ̀díẹ̀. Ó ti ro apá kan oko ẹ̀wà ẹ̀. Nígbà tí mo bi í bóyá ó ṣì máa mu Pétérù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọ̀fun yìí dárí jì mí ná, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ti tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ. Ẹ̀yin ará wa, ẹ má gé ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ má sì se ohun tí ẹ ò rí nígbà tí wọ́n gé e. Ọrọ́ tí wọ́n gbìn sí ọgbà tàbí sí ẹ̀bá títì, fún ojú wíwò ni. Tí oje ẹ̀ bá ta sí yín lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ dà sí i, ẹ dà á púpọ̀, kí ẹ sì lọ bá nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi awò dúdú bò ó. Tí ẹnìkan bá mu nǹkan, tí ẹnu ń jó o, tí ètè ẹ̀ wú, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má pè é ní ìfọ̀mọ́. Ẹ má fún un ní ife kejì. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé e, kí ẹ mú igi tó mu náà dání, kí ẹ máa sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ òtítọ́ fún oníṣègùn, ẹ sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì. Tí nǹkan bá sì kọjá òye yín, ẹ má kàn sọ pé ó lágbára. Ẹ béèrè.

Ní ti Grimaldo, ó ti padà sídìí Márúwá ẹ̀, àmọ́ ó ti ń gun òkè báyìí. Òun ló ń gbé Pétérù wálé lódindi, Obdulia ló ń gé e, a sì máa ń pé lé e lórí, à ń wo ohun tó máa yọ. Tí ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, tí ẹ kí i láti apá òsì tí kò dáhùn, ẹ má rò pé ó ń gbéra ga. Ẹ yí sí apá ọ̀tún ẹ̀, kí ẹ tún un kí. Ojú òsì ò ríran mọ́.